Ìwà tó yẹ kẹ́ ẹ dì mọ́ ẹrù tẹ́ ẹ bá ń lọ Jàpáànì

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Abuja níbí àti gbogbo òkè Ọya pátá. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ó tó èèyàn mẹ́fà tó ti pè mí pé àwọn ń lọ Jàpáànì, ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ ló ń rán òun lọ kọ́ nǹkan, ẹnì kan ní ọmọ òun tó ń kàwé níbẹ̀ lòun fẹ́ lọ wò, ẹlòmíì kàn fẹ́ lọ fojú ríran ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ kójú má bàa tini? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo lò, ní Tokyo àti Kyoto, àwa mẹ́sàn-án la jọ lọ, ohun tí mo fojú rí àtohun tí wọ́n kọ́ wa ni mo fẹ́ kọ síbí kí ẹni tó ń lọ rí i kà kó tó wọ bàlúù.

Kókó ibẹ̀ rèé, tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù ẹ má gbàgbé eléyìí. Àwa Yorùbá, ẹnu la fi ń bọ̀wọ̀ fúnni. A máa kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a máa kí ẹni tó jókòó, ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀nà dé, ẹni tó gerun pàápàá a máa kí i, ẹni tó bá wọlé tí ò kí èèyàn, a máa ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Tàwọn ará Jàpáànì, àyè ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni, kí n má dí ẹ lọ́wọ́, kí ariwo mi má dé etí ẹ, kí ìdọ̀tí mi má di tìẹ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní meiwaku, ìyẹn ni kéèyàn di ìyọlẹ́nu fún ẹlòmíì, láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ ẹ̀ fọ́mọ, báwọn ìyá wa ṣe máa ń sọ fún wa pé ká má fọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ṣẹ̀. Nítorí náà ẹni tí wọ́n bá tọ́ dáadáa nílé Yorùbá ti mú ìdajì ẹ̀kọ́ Jàpáànì dání láti ilé, ìdajì tó kù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, òun ló sì le jù fún wa.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹrù. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ti Abuja lọ kí èèyàn nílẹ̀ òkèèrè tí kìlíṣì ò ní wá sí i lọ́kàn. Ẹ fi í sílẹ̀. Jàpáànì kì í gba ẹran wọlé lọ́wọ́ arìnrìn-àjò àyàfi tí ìwé àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba ilẹ̀ tí ẹran náà ti wá bá wà pẹ̀lú ẹ̀, kìlíṣì o, súyà o, pọ̀nmọ́ o, ẹran gbígbẹ tí màmá yín dì sínú náílọ́ọ̀nù o, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, ìyà sì wà fún ẹni tó bá fi pamọ́. Arábìnrin kan nínú wa gbé kìlíṣì Kano dání, páálí kan gbáko, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀ nígbà tá a dé ẹ́apọ́ọ̀tù, ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò fọwọ́ méjèèjì gba páálí náà, ó tẹrí ba, ó ní kó máà bínú, ó sì gbà á lọ. Bó ṣe rọra ṣe é yẹn, mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ẹ̀bùn lọ, ẹ mú àdìrẹ, ẹ mú aṣọ òkè kékeré tàbí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á yọ̀ mọ́ ọn. Oògùn náà ńkọ́? Àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan wà tí pseudoephedrine pọ̀ nínú wọn, a kàn ń rà wọ́n ní kẹ́mísì níbí ni, lọ́dọ̀ tiwọn ọ̀ràn ni, torí náà ẹni tó bá ń lo oògùn kó lọ béèrè ní ẹ́ḿbásì wọn ní Maitama kó tó dẹrù. Tẹ́ ẹ bá sì ti débẹ̀, pásípọ́ọ̀tù ò gbọdọ̀ kúrò lára yín, òfin ni pé kí àlejò máa mú un kiri, ẹ má fi sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Ó yá, ìkíni. Wọ́n máa ń tẹrí ba ni, orí ìdúró ni wọ́n ti ń ṣe é, láti ìbàdí, ẹ̀yìn á nà gbọọrọ, ojú á wo ilẹ̀, ọkùnrin á na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ itan, obìnrin á kó ọwọ́ pọ̀ síwájú. Bó ṣe jìn tó ló ń sọ bí ọ̀wọ̀ ṣe tó: dígírì 15 fún ẹni tẹ́ ẹ kàn bá pàdé, 30 fún àgbà tàbí ọ̀gá, 45 fún ẹni tó ṣe yín lóore ńlá tàbí ẹni tẹ́ ẹ ń bẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbé òṣùwọ̀n wá o, àlejò tó bá tẹrí ba díẹ̀ tó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ ti ṣe tiẹ̀. Ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́ra níwájú àyà bí ẹni tó ń gbàdúrà, àwọn kan rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ará Ásíà ṣe ń kíni, ti Thailand nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ nà sí yín, ẹ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má lọ di mọ́ èèyàn, ẹ má gbá èèyàn léjìká.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tẹ́tí sí jù nìyí: ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n wa kan tá a jọ lọ, ọmọ Ìkìrun, wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọjọ́ tí wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan tó ti tó ọgọ́rin ọdún tó jẹ́ olùkọ́ àwọn olùkọ́ wa, ayọ̀ ló mú ẹ̀gbọ́n, wọ́n kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ojú bàbá yẹn yí padà, òun náà kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n, àwọn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń sáré bọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sáré sọ pé ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Lẹ́yìn náà ni ògbufọ̀ ṣàlàyé fún wa pé lọ́dọ̀ wọn ẹni tó bá kúnlẹ̀ tó fi iwájú orí kanlẹ̀, dogeza ni wọ́n ń pè é, ọ̀ràn ńlá ló dá tó ń tọrọ ìdáríjì, bàbá yẹn rò pé ẹ̀gbọ́n ti ṣe nǹkan burúkú kan tóun ò mọ̀. Nígbà tá a wá ṣàlàyé tiwa fún bàbá pé bá a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn, pé ẹ̀gbọ́n kì í kí bàbá tó bí wọn pàápàá lórí ìdúró, omi lé sójú bàbá arúgbó yẹn. Ó yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ kó yọrí. Ẹ tẹrí ba, ẹ jẹ́ kó jìn, ó tó.

Nípa ọwọ́ òsì, ẹ fọkàn balẹ̀, tí ẹnì kan bá fọwọ́ òsì na nǹkan sí yín kò bú yín, wọn ò ka ìyẹn sí. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n kà sí. Ẹ̀bùn, ìwé, owó, káàdì tí wọ́n kọ orúkọ àti ibi iṣẹ́ sí, ọwọ́ méjèèjì lẹ fi máa gbà á, ọwọ́ méjèèjì lẹ fi máa fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá iṣẹ́ lọ, ẹ tẹ káàdì yín dáadáa kó pọ̀, káàdì yẹn lọ́wọ́ wọn bí ojú ẹni tó fún yín ló rí, tẹ́ ẹ bá gbà á ẹ dúró kà á, ẹ pe orúkọ ibẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, tẹ́ ẹ bá ń ṣèpàdé ẹ tẹ́ ẹ síwájú yín lórí tábìlì, ẹ má kọ nǹkan sí i lára, ẹ má sì kì í bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò kẹ́ ẹ wá jókòó lé e.

Orúkọ náà bíi tiwa ló rí. Ẹnikẹ́ni ò ní pe àgbà lórúkọ gbansasa láìfi bọ̀dá, àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n síwájú, àwọn náà ò ní pe èèyàn láìfi san sẹ́yìn orúkọ. Orúkọ ìdílé ló máa ń ṣáájú lọ́dọ̀ wọn, òun náà sì ni kẹ́ ẹ pè, Tanaka-san, Satō-san, olùkọ́ tàbí dókítà á jẹ́ sensei. Ẹ má fi san sí orúkọ ara yín, bí ìgbà tẹ́nì kan bá pe ara ẹ̀ ní "èmi ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun" fún àgbà ni.

Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, gbogbo àwọn tó ń ta ọjà á pariwo "irasshaimase", ẹ káàbọ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mò ń dáhùn gbogbo ẹ̀, mò ń kí wọn kú iṣẹ́, kú ọjà, torí kí wọ́n kí mi kí n má dáhùn, ara mi ò gbà á. Wọn ò retí ìdáhùn, ẹ mi orí díẹ̀ kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa lò jù lójúmọ́ ni "sumimasen", ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí bíi "ẹ pẹ̀lẹ́" wa gẹ́lẹ́, ẹni tẹ́ ẹ tẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ sọ ọ́, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ sọ ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe wèítà wá, òun náà ni, ẹni tó bá yẹra fún yín kẹ́ ẹ kọjá, òun náà ni. Èyí tó mú inú mi dùn jù ni "otsukaresama", bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn tí wọ́n bá ń kúrò níbi iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ni. Àlàyé ẹ̀ le fún òyìnbó, àwa ò nílò àlàyé kankan.

Ó ku bàtà, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ níbí. Àwa tá a ń gbé láàárín àwọn Hausa, bíbọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n tiwọn ní ètò. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ máa rí àyè kékeré kan tí ilẹ̀ ẹ̀ relẹ̀ ju ti inú ilé lọ, genkan lorúkọ ẹ̀, ibẹ̀ ni bàtà ń parí sí. Ẹ̀ẹ́ bọ́ bàtà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tó ní ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló máa gòkè, ẹsẹ̀ yẹn ò gbọdọ̀ tún padà kan ìsàlẹ̀, bàtà náà ò sì gbọdọ̀ kan òkè. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ yí bàtà padà kí orí ẹ̀ kọjú sí ìta, kó rọrùn láti wọ̀ tẹ́ ẹ bá ń lọ. Sátidé kan ní Kyoto, ìdílé kan pè wá lálejò, àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bọ́ bàtà kù ù, a ti ń wọlé, mo ṣèèṣì bojú wẹ̀yìn, ìyá àgbà ilé yẹn ti wà lórí eékún, ó ń mú bàtà wa níkọ̀ọ̀kan, ó ń yí i síta, ó ń fi ọwọ́ nu iyanrìn ara ẹ̀, bàtà ọkùnrin, bàtà obìnrin, méjìdínlógún gbogbo ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Ojú tì mí débi pé oúnjẹ ò kọ́kọ́ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ìyá tó lè bí mi lọ́mọ! Látọjọ́ náà mi ò tíì bọ́ bàtà níbì kankan láìyí i, títí dé ẹnu ọ̀nà wa ní Kubwa.

Tẹ́ ẹ bá ti ń wọlé, ẹ sọ pé "ojama shimasu", ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mo fẹ́ wá dí yín lọ́wọ́ o. Ẹ ò rí i? Àwa á ní ẹ ǹlẹ́ o ará ilé, àwọn ń tọrọ gáfárà pé àwọn wọlé. Wọ́n á fún yín ní sílípáàsì tẹ́ ẹ máa wọ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹní tatami sí, ẹ bọ́ sílípáàsì náà, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wọ orí ẹní, ẹ má sì tẹ etí ẹní tí wọ́n fi aṣọ rán. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní sílípáàsì tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ máa bọ́ tilé síta kẹ́ ẹ wọ ti ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì jáde ẹ rí i pé ẹ pààrọ̀ ẹ̀, àlejò tó pọ̀ ló máa ń gbàgbé tó máa wọ sílípáàsì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá sí pálọ̀. Ẹ wo ìbọ̀sẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, èyí tó ti lu, ẹ jù ú nù.

Ẹ̀bùn tẹ́ ẹ bá mú lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú báàgì kẹ́ ẹ tó fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn. Wọ́n lè má tú u lójú yín, ẹ má rò pé kò wù wọ́n, kójú má bàa ti ẹni tó mú un wá ni wọ́n ṣe ń dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ. Ẹ má fún èèyàn ní nǹkan mẹ́rin mẹ́rin, torí ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà pe 4, shi, òun náà ni wọ́n ń pe ikú.

Oúnjẹ wá. Wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní táwẹ̀lì kékeré tó tutù tàbí tó gbóná, ti ọwọ́ ni o, ẹ má fi nu ojú tàbí ọrùn. Kí wọ́n tó jẹun wọ́n á sọ pé "itadakimasu", tí wọ́n bá yó wọ́n á sọ pé "gochisōsama", tẹ́ ẹ bá lè sọ méjèèjì yìí ẹ ti dá wọn lọ́rùn. Igi ìjẹun wọn, hashi, ẹ fi ṣe ìdánwò nílé kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ̀wà ni mo fi kọ́ ọ nílé, ẹyọ kan ẹyọ kan. Nǹkan méjì ló wà tí ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì. Àkọ́kọ́, ẹ má gún igi náà sínú ìrẹsì kó dúró ṣánṣán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ìrẹsì síwájú òkú. Ìkejì, ẹ má fi igi yín gba nǹkan láti orí igi ẹlòmíì, torí tí wọ́n bá sun òkú tán, igi ìjẹun báyẹn làwọn ẹbí fi ń ṣa egungun, tí wọ́n á máa gbé e fún ara wọn láti igi sí igi. Nígbà tí wọ́n sọ eléyìí fún mi ara mi bù máṣọ. Ẹ ronú ohun tó máa ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi ìyẹn ṣeré níwájú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún ẹnì kan ní ẹran ẹ gbé e sínú àwo ẹ̀.

Ìyókù rọrùn. Ẹ gbé abọ́ ìrẹsì sókè wá sí ẹnu, ẹ má tẹ̀ kọ̀lọ̀ bá a lórí tábìlì, ọbẹ̀ miso ẹ gbé abọ́ ẹ̀ mu. Núdù ramen tàbí soba, ẹ lè fà á kó dún, wọn ò ní wo yín. Ṣùgbọ́n fífun imú níbi oúnjẹ, ẹ dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe é. Níbi ọtí tàbí ohun mímu, ẹ máa bu fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, òun náà á bu fún yín, ẹni tí kì í mu ọtí kó gba tíì tàbí júùsì, kò sẹ́ni tó máa fipá mú un.

Owó ńkọ́? Ẹ má fi owó ìdúpẹ́ sílẹ̀ fún wèítà. Mo fi owó yen mélòó kan sílẹ̀ lórí tábìlì ní ilé oúnjẹ kan ní Tokyo, mo ti rìn dé orí títì, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ fún mi ló ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ṣéńjì nínú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń mí hẹlẹ, ó ní mo gbàgbé owó. Iye tí wọ́n bá pè náà ni iye tí wọ́n ń gbà, wọn ò kà á sí oore pé kẹ́ ẹ fi kún un, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn ò ná ọjà, ẹ gbàgbé Wuse Market tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, àwo pẹlẹbẹ kan wà lórí káńtà, inú ẹ̀ lẹ máa fi owó sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń tajà.

Inú tíréènì lẹ ti máa mọ ohun tí mo ń pè ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Láàárọ̀ ní Tokyo, ẹsẹ̀ ò ní gbèrò nínú kóòṣì, èèyàn á fún mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ìró irin nìkan lẹ máa gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń gba ìpè. Fóònù yín, ẹ fi sí sáìlẹ́ǹtì, tí ìpè bá wọlé ẹ jẹ́ kó lọ, tàbí kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn. Jàpáànì fi wákàtí mẹ́jọ ṣíwájú wa, àwọn ará ilé á máa pè yín ní aago tí ò yẹ, ẹ ti sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó lọ. Tẹ́ ẹ bá pọ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè láti ìjókòó dé ìjókòó bá a ṣe máa ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì Nyanya. Báàgì ẹ̀yìn, ẹ gbé e síwájú àyà. Ẹ tò sórí ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń sọ̀ sọ̀ tán. Àwọn kóòṣì kan wà fún obìnrin nìkan láwọn wákàtí tí èrò bá pọ̀, ẹ̀yin ọkùnrin ẹ wo àmì ara ìlẹ̀kùn dáadáa. Lórí àtẹ̀gùn oníná, ní Tokyo apá òsì ni wọ́n ń dúró sí, ní Osaka apá ọ̀tún ni, ẹ wo ẹni tó wà níwájú yín kẹ́ ẹ ṣe bíi tiẹ̀.

Àkókò ńkọ́, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 2017, ilé iṣẹ́ tíréènì Tsukuba Express kọ̀wé bẹ àwọn èrò torí pé tíréènì wọn kan fi ìṣẹ́jú àáyá 20 péré ṣáájú àsìkò tó yẹ kó ṣí. 20! Tí wọ́n bá ní aago mẹ́wàá, ẹ dé ní mẹ́wàá ku mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá máa pẹ́, ìbá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tẹ̀ wọ́n láago.

Ìdọ̀tí: ẹ máa rìn títí ẹ ò ní rí ibi tẹ́ ẹ máa da nǹkan sí, ìlú sì mọ́ tónítóní. Lóṣù kẹta ọdún 1995 ni ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan tú afẹ́fẹ́ olóró sínú tíréènì abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo, èèyàn kú, látìgbà náà ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ garawa ìdọ̀tí kúrò níbi tí èrò ń gbà kọjá. Ẹ mú náílọ́ọ̀nù kékeré kan dání, ẹ kó ìdọ̀tí yín sí i, ẹ gbé e dé hòtẹ́ẹ̀lì. Níléèwé wọn, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń gbálẹ̀ kíláàsì, torí náà ẹni tó bá ju nǹkan sílẹ̀ ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ẹnì kan tó lójú. Ẹ má jẹun kiri lójú títì, ẹ má sì mu sìgá lójú ọ̀nà, ibi tí wọ́n ti ń mu ún wà lọ́tọ̀.

Fún àwa mùsùlùmí, ilẹ̀ náà ò há mọ́ wa. Mọ́sálásí ńlá wà ní Tokyo, Tokyo Camii, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, ti Kobe ti wà láti 1935. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àlùwàlá, ẹ gbọ́ o: gbígbé ẹsẹ̀ sínú ibi tí gbogbo èèyàn ti ń fọ ọwọ́ máa ń bí wọn nínú gan-an bí wọn ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀, omi á tún máa dà sílẹ̀. Ṣe àlùwàlá yín ní hòtẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó jáde, tàbí kẹ́ ẹ mú ike omi wọ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá ṣe tán ẹ fi tíṣù nu ilẹ̀ kó gbẹ. Oúnjẹ ẹ béèrè, egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se omi ramen tí wọ́n ń pè ní tonkotsu, mirin tí wọ́n ń fi sínú ọbẹ̀ púpọ̀ ọtí wà nínú ẹ̀.

Omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀, onsen, ìhòòhò ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, ọkùnrin lọ́tọ̀ obìnrin lọ́tọ̀. Ẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ jókòó lórí àpótí kékeré fi ọṣẹ wẹ̀, ẹ ṣan án kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ tó bọ́ sínú omi, torí omi gbogbo èèyàn ni. Irun gígùn ẹ dì í sókè, táwẹ̀lì ò gbọdọ̀ kan omi. Ẹni tó bá ní táátù, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ò ní gbà á wọlé. Ẹni tí ojú bá ń tì, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan ní tiẹ̀ fún ìdílé kan péré, kó sanwó ìyẹn.

Ojúbọ wọn ẹ lè lọ wò ó láìbọ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá dé abẹ́ òpó pupa ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rìn, àárín ọ̀nà jẹ́ ti òrìṣà wọn. Ní Gion ní Kyoto, ẹ má sá tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó wọ kimono, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, kẹ́ ẹ máa ya wọ́n ní fọ́tò, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. Láti 2024 ni wọ́n ti gbé àmì síbẹ̀ pé àlejò ò gbọdọ̀ wọ àwọn ọ̀nà kéékèèké tó jẹ́ ti onílé, 10,000 yen ni ìtanràn.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Wọn kì í là á mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá béèrè nǹkan, tí ẹni yẹn fa ẹ̀mí sínú, tó ní "chotto…" tó wá dákẹ́, rárá nìyẹn, ẹ má béèrè ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. "Hai", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n ń sọ bẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ pé mò ń gbọ́ yín ni, kó má jẹ́ pé mo gbà.

Tẹ́ ẹ bá sì kúrò nílé ẹni tó gbà yín lálejò, wọ́n á sìn yín síta bá a ṣe ń sin àlejò, ṣùgbọ́n wọn ò ní wọlé padà. Wọ́n á dúró sí ẹnu ọ̀nà títí ẹ ó fi pòórá. Ní Kyoto, nígbà tá a dé ìgun ọ̀nà, ọ̀nà jìn, mo bojú wẹ̀yìn, ìyá àgbà yẹn ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ rí i pé ẹ bojú wẹ̀yìn níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà, ẹ dúró, kẹ́ ẹ tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ń retí ẹ̀.